Ẹ̀jẹ́ Bàbá Àgbà ní Amakom

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nílẹ̀ Yorùbá ló mọ orúkọ Thomas Birch Freeman. Òun ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, tó sì dé ọ̀dọ̀ Ṣódẹkẹ́ ní Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí. Àwọn tó mọ̀ pé Freeman ti kọ́kọ́ dé Kumasi, olú ìlú àwọn Asante, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1839 ló wọ ìlú náà, lẹ́yìn tó ti la igbó kìjikìji kọjá láti Cape Coast. Ẹni tó bá ń tọpa bí ìgbàgbọ́ Kírísítì ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí àwọn tó mú un wá ti ń bọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá ara rẹ̀ ní Gánà.

Ohun tó mú olùkọ́ ìtàn kan láti Ìbàdàn pinnu nìyẹn pé òun àti ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 14, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi gígùn ní Kumasi, kí àwọn sì fi kẹ̀kẹ́ ológeere wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ìlú náà. Ìrìn àjò fàájì ló pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, fàájì di iṣẹ́ rírán.

Kumasi ni wọ́n ti bí ìyá náà, ẹni tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè ní Màmá Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1958 ni. Wọ́sìwọ́sì ni bàbá rẹ̀ ń tà níbẹ̀: abẹ́rẹ́, òwú, díńgí, ìṣáná àti ọṣẹ. Orí kẹ̀kẹ́ ló ń di ọjà mọ́, tó ń kiri àwọn abúlé tó yí ìlú ká. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á tú ẹrù kúrò, á nu kẹ̀kẹ́ náà mọ́, á sì gbé ọmọ rẹ̀ sí kárià ẹ̀yìn, ó di ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Amakom. Irú wọn pọ̀ ní Kumasi nígbà náà. Títí dòní, alata samina ni àwọn Asante ń pe ọṣẹ dúdú, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn Yorùbá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá ìwé náà gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ kò ní ìwé kankan. Àwọn mìíràn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àlejò ni wọ́n ń pe àwọn. Ọmọ ọdún 11 ni Màmá nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ta kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀pọ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gba Tógò àti Dahomey kọjá, wọ́n sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí iná jó ilé rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Màmá kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Kumasi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó sọ èdè Twi sí òun létí, á ní òun ti gbàgbé. Nítorí náà, ó ya ọmọ rẹ̀ lẹ́nu nígbà tó pè é wọ yàrá, tó sì na àpòòwé kan sí i.

Màmá ní, "Bá mi fi èyí dé Amakom. Gbèsè bàbá mi ni."

Ó wá ṣàlàyé. Níbi ìkórè ọdún 1969, bàbá náà dìde láàárín ìjọ, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ síìdì mẹ́wàá fún àtúnṣe òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí Kérésìmesì tó dé òun á ti san án. Àṣẹ ìjọba ló ṣáájú Kérésìmesì dé. Títí bàbá náà fi kú, kò yé mẹ́nu kan síìdì mẹ́wàá yìí. Kò sọ̀rọ̀ ilé tó fi sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ọjà tó bàjẹ́. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń dùn ún.

Ọmọbìnrin olùkọ́ náà, tí ìṣirò kì í fún ní ìsinmi, gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Lọ́dún 2007, ìjọba Gánà pa owó wọn dà: síìdì àtijọ́ ẹgbàárùn-ún di síìdì tuntun kan ṣoṣo. Síìdì mẹ́wàá ọdún 1969 ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá pésẹ́wà kan, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún pésẹ́wà ló ń jẹ́ síìdì kan. "Màmá, owó yìí ti kú. Kò sí owó ẹyọ tó kéré tó o tí a lè fi san án."

Màmá wò ó. "Owó lè kú, ẹ̀jẹ́ kì í kú. Ẹ mú ohun tí mo dì sínú rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbéra. Ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbà bọ̀ wálé lọ́jọ́sí ni bọ́ọ̀sì wọn gbà padà: Ṣẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Accra, kó tó wá yà sí àríwá lọ sí Kumasi. Lóde òní, ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà láti wọ Gánà, ó sì lè lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bàbá sọ èyí fún ọmọ rẹ̀ ní bodè, kó lè mọ ohun tí àwọn ará 1969 kò ní.

Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni wọ́n ti háyà kẹ̀kẹ́ méjì. Ó yẹ bíréèkì wò níṣojú wọn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ó sì kì wọ́n nílọ̀ pé àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n máa gùn ún, kí àwọn trotro tó gba títì. Òótọ́ ló sọ. Kumasi kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú, òkè mìíràn ti ń dúró dè é níwájú. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ní àǹfààní tirẹ̀: ó yá ju ẹsẹ̀ lọ, kò sì yá tó ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan. Ẹni tó ń gùn ún ń kí èèyàn, wọ́n sì ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Adum ni wọ́n lọ, àárín ìlú gan-an. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níwájú kàtídírà Wesley ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, bàbá sì sọ ìtàn Freeman. Ọmọ England ni, ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni bàbá tó bí i, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó padà wá sí Kumasi lọ́dún 1841, ó kó àwọn ọmọ ọba Asante méjì tó ti kàwé ní England bọ̀ wálé. Ó sì mú ẹ̀bùn kan dání fún ọba Kwaku Dua: kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tí wọ́n wọ́ gba ọ̀nà igbó láti etí òkun.

Ọmọbìnrin náà wo kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó wo òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn tán. "Dádì, ta ló wá ń tì í lẹ́yìn níbi òkè?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ ìtàn kì í sábà béèrè nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì Presbyterian tí wọ́n fi sọrí Ramseyer náà wà ní Adum. Ọmọ Switzerland ni Fritz Ramseyer, míṣọ́nnárì láti Basel. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1869, àwọn ọmọ ogun Asante mú òun, Rose ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn jòjòló ní Anum, lápá ìlà oòrùn ilẹ̀ náà. Ọmọ náà kú lójú ọ̀nà. Wọ́n mú tọkọtaya náà dé Kumasi, ìgbèkùn ni wọ́n sì wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1874, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ wá sun ìlú náà. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Kumasi mọ́, ta ni yóò bá a wí? Síbẹ̀, lọ́dún 1896, Ramseyer àti ìyàwó rẹ̀ padà wá láti dá ìjọ sílẹ̀ ní ìlú tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n fún wọn. Lọ́dún 1900, nígbà ogun Yaa Asantewaa, wọ́n tún há mọ́ inú odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà nítòsí ibẹ̀, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun báyìí, kí wọ́n tó sá àsálà.

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bíi ti Màmá. Àmọ́ Màmá ò padà."

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà. Ramseyer padà pẹ̀lú ìjọba tó lágbára lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ akẹ́rù kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn ju bàbá tó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì, kàtídírà Áńgílíkà ti Cyprian Mímọ́ ni wọ́n gùn ún dé. Ìjọ yìí ni ọba Prempeh Kìíní wá dara pọ̀ mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1896, wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone, lẹ́yìn náà sí erékùṣù Seychelles tó jìnnà réré. Níbẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Áńgílíkà tó sì gba orúkọ Edward. Ọdún 1924 ló tó padà sí Kumasi. Ó kúrò nílùú bí ọba tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ó padà bí onígbàgbọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì ń pè ní ọba.

"Ta ni Cyprian?" ni ọmọ náà béèrè.

Ìbéèrè yìí gbé wọn kúrò ní Kumasi fún ìgbà díẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Carthage ni Cyprian, ní ibi tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí. Àwọn ará Róòmù bẹ́ ẹ lórí lọ́dún 258 nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìjọ Kírísítì ti wà ní Áfíríkà ní èyí tó lé ní 1,500 ọdún kí Freeman tó wọ Kumasi. Bàbá ṣí àwòrán kan han ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bardo ní ìlú Tunis, àwòrán mósáíìkì kan wà tí wọ́n gbé wá láti Tabarka. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n fi tò ó, ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, sórí ibojì obìnrin kan tó ń jẹ́ Valentia. Àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ni: òpó rẹ̀, àbẹ́là tó ń jó lórí pẹpẹ, àtẹ̀gùn tó wọlé. Lókè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ lédè Látìn pé Ìjọ ni Ìyá.

Ọmọ náà fẹ àwòrán náà lójú, ó ń wo òkúta wẹ́wẹ́ náà. Ó béèrè bóyá orúkọ àwọn tó tò ó wà níbẹ̀. Kò sí. Orúkọ Valentia nìkan ló wà.

Nígbà tí wọ́n gun òkè tí wọ́n ń pè ní Roman Hill ní ọjọ́ kẹta, ṣéènì kẹ̀kẹ́ bàbá já kúrò nípò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kúkú sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í. Kàtídírà Peteru Mímọ́ ti ìjọ Àgùdà ló wà lókè, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjì tó dúró bí ìbejì. Bíṣọ́ọ̀bù Peter Kwasi Sarpong, tó gorí oyè ní Kumasi lọ́dún 1970, jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú àṣà àwọn èèyàn rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ìlù àti ijó Asante wọ inú ìsìn. Nígbà ọdún Ara Kírísítì, wọ́n ń gbé oúnjẹ Olúwa kiri ìgboro bí wọ́n ṣe ń gbé ọba Asante, nínú àga tí wọ́n ń gbé lé èjìká, lábẹ́ agboòrùn ńlá. Ohun tí àlejò gbé wá ti di ọmọ onílé.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Amakom. Bàbá kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó ti mọ ìtàn tó wà níbẹ̀: àwọn oníṣòwò Yorùbá ló dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ sílẹ̀ káàkiri Gánà. Ìgbà tí wọ́n bá rí ibi tí wọ́n ti lè pàtẹ ọjà, wọ́n á wá ibi tí wọ́n ti lè kọrin. Abẹ́ àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà ni àwọn ìjọ náà wà títí di àwọn ọdún 1960. Nígbà tí àṣẹ 1969 dé, àwọn ìjọ kan ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló máa wá mọ wọ́sìwọ́sì kan tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà náà?

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n wọlé. Twi ni wọ́n fi ń kọrin, ṣùgbọ́n ohùn orin kan wà tí ọmọ náà mọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń fi Yorùbá kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ akápò ìjọ. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó sì ní àwọn kò ní àkọsílẹ̀ ìkórè ọdún yẹn. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà méjì tó wà nítòsí. Wọn kò rántí orúkọ náà. Akápò ní bóyá kí wọ́n kúkú fi owó náà sínú àpótí ọrẹ, Ọlọ́run á gbà á.

Ọmọbìnrin náà mi orí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, rìsíìtì ni Màmá fẹ́."

Bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló gbé orí sókè. "Ẹ káàárọ̀ o," ló wí, ní Yorùbá tó já gaara. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ó ní òun ti ṣe olùkọ́ ìṣirò nílẹ̀ Yorùbá rí, ní Ìwó. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àwọn ọmọ Gánà tó di ẹrù wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Bàbá náà fi àpótí ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ onílé rẹ̀, ó sì fi owó ilé oṣù kan jẹ ẹ́.

"Onílé mi fi àpótí náà ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì," ni bàbá náà wí. "Mi ò rí owó ilé rẹ̀ fi ránṣẹ́ títí ó fi kú. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọ̀sẹ̀ méjì kì í ráyè san gbèsè." Ó yíjú sí akápò, ó sì fi Twi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Akápò fa ìwé rìsíìtì jáde.

Kí wọ́n tó kọ ọ́, bàbá ní kí àwọn pe Màmá, kó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀. Fóònù dún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá arúgbó náà gbà á, ó kí i pé, "Ẹ kú àárọ̀, Màmá." Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni ohùn Màmá jáde, ní Twi. Ó kọ́kọ́ ń lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tó yá, ó ń yára. Màmá ń sọ Twi, bàbá náà ń fi Yorùbá dá a lóhùn, ìkínní-kejì kò sì fẹ́ fi èdè ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí Màmá bí nínú, tó ti lé ní ogójì ọdún, kò gbọ́ èdè náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nu awò ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Akápò ka owó inú àpòòwé. Ó ju òrùlé páànù kan lọ dáadáa. Ó kọ orúkọ bàbá àgbà síbẹ̀, ó kọ ọdún 1969 sí iwájú ìdí owó, ó sì buwọ́ lù ú.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá wo rìsíìtì náà pẹ́. Akápò ti gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ti fẹ́ máa bínú sí i. Màmá ní kó fi í sílẹ̀, bí àwọn ará Kumasi ṣe ń kọ ọ́ nígbà ayé bàbá òun náà nìyẹn. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè bóyá òkè Roman Hill ṣì ga bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè èyí tí ẹnikẹ́ni kò retí:

"Kẹ̀kẹ́ tí ẹ gùn yẹn, ṣé ó ní kárià lẹ́yìn?"